Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Sọ Wọ́ọ̀dù Àtijọ́ Di Ibi Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ti ń ṣe láti ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ilé ìwòsàn sì pọ̀ nínú ohun tí mo ti tún ṣe. Mo ti pààrọ̀ òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, mo ti fa omi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo sì rò pé kò sí ohun tuntun tí wọ́ọ̀dù kan tún lè fi hàn mí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ìjọba kan pè mí pé àwọn fẹ́ sọ wọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ọgbà di ibi tí wọn yóò ti máa dá àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà dúró fún ìtọ́jú, páànù, sìmẹ́ńtì, ọ̀dà àti irin ni mo ṣírò. N kò ṣírò ẹni tí yóò dùbúlẹ̀ sí inú ilé náà ní aago méjì òru, tí oorun kò kùn ún, tí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sì ń bá a sọ̀rọ̀.

Irú ilé tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ káàkiri ilẹ̀ wa kí a tó gba òmìnira ní 1960 ni. Ó gùn gbọọrọ, ògiri rẹ̀ nípọn, àjà rẹ̀ ga, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí òjò àti oòrùn kì í fi í dé ojú fèrèsé. Ibùsùn 24 ni ó ń gbà, 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, nọ́ọ̀sì tí ó bá sì jókòó ti tábìlì àárín yóò rí gbogbo wọn láì dìde. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí iwájú ọgbà, wọ́n pa èyí tì. Ikán wọ inú igi òrùlé, àdán gba òkè àjà, àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ibùsùn tí ó ti kán sí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tí wọ́n bá gbé dé pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ, igun kan ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn mìíràn ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, tàbí kí wọ́n kọ ìwé fún ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Nínú àwòrán ilé tí èmi àti ayàwòrán wa kọ́kọ́ yà, a gé gbọ̀ngàn ńlá náà sí yàrá kéékèèké 14 tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà tóóró kan. A fi irin sí ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, a sì fi ilẹ̀kùn onírin tí a ń ti láti ìta sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí i, nítorí mo gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní lè sá jáde níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bà jẹ́. Mo gbé e lọ fún Mátírọ̀n tí yóò jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù náà, ìyá àgbà kan tí ó ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Arò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tí ó wà ní Abẹ́òkúta. Ó wo àwòrán náà títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní: “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ń kọ́ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ dè é?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ìyá náà kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó sì ṣàlàyé fún mi pé ilé tí a kọ́ fún nǹkan mìíràn ni a fi bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú yìí ní ilẹ̀ wa. Ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní Yábàá ní Èkó ní 1907. Lántòrò ní Abẹ́òkúta, ilé ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀; ní 1944 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú nítorí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n dá padà wálé láti ogun àgbáyé kejì tí ọpọlọ wọn kò sì balẹ̀ mọ́. Ó ní bí ògiri ilé ẹ̀wọ̀n bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń ba ẹni tí wọ́n gbé wọ ibẹ̀, àti pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ó máa ń jà. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, gba iṣẹ́ ní Arò ní 1954, ohun tí ó ṣe ni pé ó mú àwọn aláìsàn lọ máa gbé ní àwọn abúlé tí ó wà ní àyíká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú ẹbí wọn kan tí yóò máa dáná fún wọn, tí wọn yóò sì máa wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní ojúmọmọ. “Kò sí irin níbẹ̀,” ni Mátírọ̀n wí. “Ènìyàn ni ó yí wọn ká.”

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n tó tún fa ìlà kankan sórí ìwé, kí n sun wọ́ọ̀dù náà mọ́jú. Mo gbé ẹní àti fìtílà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Òru ọjọ́ náà ni mo mọ ilé tí mo ti wọ̀n láti orókè dé ìsàlẹ̀ láì mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ ṣe ń tutù, páànù ń ró kẹ́kẹ́ lókè mi bí ẹni pé ẹnìkan ń rìn lórí rẹ̀. Igi máńgòrò kan wà ní àgbàlá tí ẹ̀ka rẹ̀ na orí òrùlé. Ìgbà èso ni, bí ọ̀kan bá ti já, gbì ni yóò dún, àyà mi yóò sì já, èmi tí ara mi dá ṣáṣá. Òṣùpá ń gba inú lúfà wọlé, ó ń fa ìlà dúdú àti funfun sí ara ògiri, ìlà náà sì ń mì. Ṣùgbọ́n mo tún ṣàkíyèsí pé ara mi kò gbóná rárá, bẹ́ẹ̀ kò sí iná, kò sì sí fáànù. Afẹ́fẹ́ ń gba fèrèsé apá kan wọlé, ó ń gba ti apá kejì jáde, ooru sì ń gòkè lọ sínú àjà gíga. Ẹni tí ó kọ́ ilé náà kò fọkàn sí iná ìjọba. Bí mo bá gé e sí yàrá 14, mo ti pa afẹ́fẹ́ yẹn, n ó sì máa wá jẹnẹrétọ̀ kiri láti fi rọ́pò rẹ̀.

Mo fa àwòrán àkọ́kọ́ ya. Nínú èkejì, a fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ bí gbọ̀ngàn, a sì fi àwọn ògiri kúkúrú tí kò ga ju èjìká lọ ya ibùsùn sọ́tọ̀, tí a jẹ́ kí orí wọn dagẹ̀rẹ̀ kí nǹkan má lè dúró lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ ní ibi ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀, síbẹ̀ nọ́ọ̀sì yóò ṣì rí i. Yàrá mẹ́rin péré ni a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì fún àwọn tí àìsàn wọn bá le jù. A gé ẹ̀ka máńgòrò tí ó bo òrùlé. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ gé igi náà látìdí, mo kọ̀ fún un. Mo ti kà nípa ìwádìí tí Roger Ulrich ṣe ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jáde ní 1984, pé àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ojú fèrèsé wọn sì kọ igi, tètè lọ sílé ju àwọn tí fèrèsé wọn kọ ògiri bíríkì lọ. Ní tòótọ́, kì í ṣe alárùn ọpọlọ ni àwọn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ibì kan yẹ kí ó rí ewé tútù.

Ibi tí mo ti kùnà jù lọ ni ọ̀rọ̀ àjà. Mo ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pé pákó àjà náà jẹ́ asbestos, irú èyí tí ó kún inú àwọn ilé ìgbà náà. Bí ó bá wà lódindi, tí a kò fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kéré. Bí ó bá fọ́, eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa pa ènìyàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mo sọ fún agbaṣẹ́ṣe tí ó gba iṣẹ́ ìwólulẹ̀ pé kí wọ́n dúró dè mí. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn léébírà mẹ́rin ti ń fi òòlù fọ́ àjà náà wálẹ̀, orí wọn funfun bí ẹni tí ó dà èlùbọ́ sára, ọ̀kan nínú wọn sì so aṣọ inúra mọ́ imú. Mo kígbe kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. A ti ilé náà pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ra ìbòmú tí ó yẹ, a ń fi omi rin pákó kọ̀ọ̀kan kí a tó yọ ìṣó rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, a sì ń wé e sínú ọ̀rá nípọn ní ìlọ́po méjì kí a tó gbé e jáde. Iṣẹ́ falẹ̀, owó sì lọ. Ojú àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí òòlù wọ ilé àtijọ́ láì jẹ́ pé mo ti kọ ohun tí ó wà nínú àjà, nínú ọ̀dà àti nínú ògiri sí ìwé tí agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí, nítorí ọ̀dà ìgbà náà pẹ̀lú sábà máa ń ní òjé, kò sì yẹ kí a máa fi ìwé ìyanrìn gbẹ eruku rẹ̀.

Kí a tó ṣe gbogbo yàrá tán, Mátírọ̀n ní kí a ṣe ẹyọ kan ṣoṣo parí pátápátá, pẹ̀lú ibùsùn, iná, ilẹ̀kùn àti ibi ìfọwọ́, kí àwọn nọ́ọ̀sì wá dán an wò. Mo rò pé ìfàsẹ́yìn ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá, ó mú àpò ìfàlọ́wọ́ dúdú kan dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kọ́ gbogbo ohun tí ó yọ sóde nínú yàrá náà: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹnu ẹ̀rọ omi, irin ìdè ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ tábìlì, páìpù tí ó gba ara ògiri kọjá. “Ibi tí àpò mi bá ti dúró,” ni ó wí, “ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀.” Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ibi 11 ni àpò náà ti dúró, nínú yàrá tí mo ti pè ní pípé. Ẹni tí ayé ti sú, ni ó wí fún mi, kì í wo yàrá bí àwa ṣe ń wò ó, ojú tí ó ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀ ni ó fi ń wò ó. Iṣẹ́ tiwa ni kí ojú náà wá ọ̀nà títí kí ó má rí i, kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹnìkan sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A rì gbogbo páìpù sínú ògiri. A yí ọwọ́ ilẹ̀kùn padà sí èyí tí ó rọra tẹ̀ wọ inú pákó. Aṣọ ìkélé ibi ìwẹ̀, a fi í kọ́ sórí ohun tí yóò já bọ́ bí ẹrù bá wúwo díẹ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí sí inú nìkan, a sọ ọ́ di èyí tí ó lè ṣí sí ìhà méjèèjì, nítorí ẹni tí ó bá gbé ibùsùn dí ilẹ̀kùn láti inú yóò ti àwọn nọ́ọ̀sì mọ́ ìta ní àkókò tí ó nílò wọn jù.

Síbẹ̀, ìyá yìí kan náà ni kò gbà kí n fi irin bo ohun gbogbo. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ibùsùn onísìmẹ́ńtì tí a mọ mọ́ ilẹ̀, ó bi mí bóyá èmi yóò gbé màmá mi sùn sí i. A ṣe ti pákó líle tí ó wúwo, tí etí rẹ̀ yí roboto, tí káfíńtà wa sì fi ọ̀dà aláwọ̀ igi kùn.

Fèrèsé gba àkókò wa. Gbogbo wa mọ bí gíláàsì lúfà ṣe rọrùn tó láti yọ. Ọmọdé a máa yọ ọ́. A kò lè fi í sílẹ̀, a kò sì lè dí ojú fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìdí tí a fi dá gbọ̀ngàn náà sí. Níkẹyìn, a fi ike líle tí ó mọ́ bí gíláàsì, tí kì í fọ́, sí ìsàlẹ̀ ibi tí ojú ń dé. A fi fèrèsé tí ó ń ṣí díẹ̀ péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ta nẹ́ẹ̀tì irin lílágbára tí ẹ̀fọn kò lè gbà kọjá sí ìta. Lókè, nítòsí àjà, a dá ihò afẹ́fẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí padà. Láti inú, kò sí ìlà irin kankan tí ojú ń rí.

Ilẹ̀ ilé ni àṣìṣe mi kejì. Mo tẹ́ táìlì dídán, nítorí ó rọrùn láti fọ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn aláṣẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a gba aláìsàn sí apá tí ó ti parí, ìyá arúgbó kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ̀ láti gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó ń tọ́ka sí ilẹ̀, ó ní odò ni, wọn yóò rì òun. Mo tẹ̀ ba, mo sì wò ó láti ibi tí ojú rẹ̀ wà: iná àjà ń tàn lórí táìlì náà gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń tàn lórí omi. Kì í ṣe àìsàn rẹ̀ nìkan ni ó rí odò, èmi náà rí i. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn oògùn kan a máa mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde, ilẹ̀ dídán sì ni a tẹ́ dè é. A hú gbogbo rẹ̀, a sì tẹ́ èyí tí kò dán, tí kò yọ̀, tí ó jọ àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí a mọ̀ nílé.

Apá kejì ilé ni a wá ń ṣe nígbà tí àwọn aláìsàn ti wà ní apá àkọ́kọ́. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà mìíràn bá wà. A mọ ògiri tí eruku kò lè gbà kọjá sí àárín, a kì í lu nǹkan kí aago mẹ́sàn-án tó lù, a sì ń ka irinṣẹ́ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń ka owó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú ayùn irin kan dín. Kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, kò sì ju owó díẹ̀ lọ lọ́jà. Ẹnikẹ́ni kò lọ sílé. Àwọn nọ́ọ̀sì tú ibùsùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù, àwa tú inú yanrìn, a tú àpò sìmẹ́ńtì, a tan fìtílà wo inú gọ́tà. Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni wẹ́dà wa rí i láàárín àwọn àjákù páànù tí a ti dì fún ìdànù. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Kò sí ẹni tí ó bá a wí.

Yàrá kan wà nínú àwòrán tí àwọn aláṣẹ pè ní yàrá àtìmọ́lé. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn amúnisìn fi lélẹ̀, ti fi gbèdéke sí bí a ṣe lè dá ènìyàn mọ́lẹ̀ tàbí tì í mọ́ ibì kan. Mátírọ̀n ka ibẹ̀ fún wọn ní ìpàdé. A sọ yàrá náà di ibi ìfarabalẹ̀: àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì, fèrèsé tí ó kọjú sí máńgòrò, ilẹ̀kùn tí ẹni tí ó wà nínú lè fúnra rẹ̀ ṣí.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wà nínú àwòrán mi, òun ni ó wọ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa, aláìsàn kì í dá wá sí ilé ìwòsàn. Ìyá ń tẹ̀ lé e, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ìyàwó tí ó gbé ọmọ pọ̀n. Mo ti ṣe ilé fún aláìsàn àti fún nọ́ọ̀sì, n kò sì ṣe ibì kan fún àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni Mátírọ̀n ti sọ ìtàn àwọn abúlé Arò fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo rí wọn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń fi ìwé ìròyìn lé ẹ̀fọn, ni ojú tì mí. A kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlá, pẹ̀lú ibi ìdáná, ibi ìfọṣọ àti ibùsùn mẹ́jọ, tí ó fi jẹ́ pé aláìsàn tí ó bá ti ń gbádùn lè lọ bá ẹbí rẹ̀ ṣa ẹ̀fọ́. Bákan náà ni a kọ̀ láti gé ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ sí ara ògiri ọgbà. Géètì tí aláboyún àti onígbẹ̀ẹ́-gbuuru ń gbà ni àwọn tiwa pẹ̀lú ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dúró ní títì kí ó máa ka àwọn tí wọ́n ń lọ sí “ilé wèrè.”

Wọ́ọ̀dù ti àwọn obìnrin nìkan ni ó kàn báyìí. Mátírọ̀n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó wá ní ọjọ́ tí a lọ wo ilé náà, ó sì fa àpò dúdú náà lé ọ̀dọ́bìnrin nọ́ọ̀sì tí ó gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà wo yí ká díẹ̀, ó lọ bá páìpù omi àtijọ́ kan tí ó yọ sí ara ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì fi àpò náà kọ́ ọ. Àpò náà dúró. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́.